Gbèsè Márùn-ún Tí Mo Fi Yìn Ọ́ Lọ́dọ̀ Onílé

Nkwantakrom, lọ́nà Bekwai,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, nínú ọdún tó tẹ̀lé ọdún ìbò.

Ràzíátù Àníkẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ télọ̀ ń lọ déédéé, ṣé òwú kì í já lẹ́nu ẹ̀rọ, ṣé àwọn oníbàárà ń san owó iṣẹ́, àwọn tí kò sì tíì san, ṣé wọ́n ṣì ń kí ọ bí wọ́n bá ń kọjá? Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ ọ ní Kumasi, ọkọ̀ Kejetia kò ní kọ lù ọ́, abẹ́rẹ́ kò ní gún ọ lọ́wọ́, ire ni yóò máa bá ọ nílé, ibi kò ní mọ ojúlé rẹ. Àmín. Mo gbàdúrà ojúlé yẹn ṣáájú nítorí ọ̀rọ̀ ojúlé ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yìí.

Àwa níbí wà láàyè. Òjò rọ̀ dáadáa, ẹ̀gẹ́ ta, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Mariama ọmọ rẹ ń jẹun, ó ń sùn, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ. Mo ní kó jù wọ́n sórí òrùlé bí gbogbo ọmọ ti ń ṣe, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ń tọ́jú wọn de ìyá òun. Inú páálí ìṣáná ló kó wọn sí, ó ń gbé e kiri bí ẹni tó gbé wúrà, bí mo bá sì fẹ́ ṣá iná, inú páálí náà ni ọwọ́ mi máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Mo ti fẹ́ fi eyín ọmọ rẹ ṣáná lẹ́ẹ̀mejì.

Ó tó. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ lo fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ yàrá tí o fẹ́ gbà ní Ayigya lo ń retí, ìdí tí Tíṣà Alfred onílé fi ń sọ fún ọ pé kí o padà wá, kí o padà wá, láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ràzíátù, èmi ni mo ba yàrá náà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe aládùúgbò, kì í ṣe gbogbo àwọn tí mo ti ń fura sí tí mo sì ti yan odì pẹ̀lú méjì nínú wọn. Èmi Jímọ̀h tí mo bí ọ ni.

Nígbà tí o fi fọ́ọ̀mù rán Àúdù dẹ́rẹ́bà sí mi, o kọ ọ́ gbangba sínú lẹ́tà rẹ pé onílé yìí jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, pé kì í gba ayálégbé bí òbí rẹ̀ kò bá jẹ́rìí sí i lórí ìwé, pé kí Sísítà Evelyn, nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn wa, bá mi kọ ọ́ lédè òyìnbó, kí n sáà ti ní ọmọ dáadáa ni ọ́. Ká ní mo ṣe bí o ti wí ni, ìwọ àti Mariama ì bá ti máa sùn sórí ẹní kan náà báyìí. Ṣùgbọ́n títí di òní, ìwọ ṣì ń fún ara mọ́ èèyàn mẹ́fà nínú yàrá àǹtí rẹ ní Sóńgò, àdúgbò àwa àlejò, ọmọ rẹ sì wà lọ́dọ̀ mi tó ń bi mí lójoojúmọ́ pé ṣé Tíṣà ti ṣílẹ̀kùn. Nítorí pé bàbá rẹ gbọ́n.

Ọgbọ́n náà bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́tò. Fọ́ọ̀mù ní kí n lẹ orí ara mi mọ́ òun. N kò ní fọ́tò mìíràn ju èyí tó wà lára ògiri lọ, èyí tí a yà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Mariama, nítorí náà mo mú síṣọ́ọ̀sì, mo gé orí mi kúrò níbẹ̀. Mariama wọlé, ó rí bàbá àgbà rẹ̀ lára ògiri tó jókòó láìlórí, tó gbé òun lọ́wọ́, ó fi igbe ta. Nígbà tí èmi àti Evelyn jókòó ti fọ́ọ̀mù náà, a dé ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé onílé nìkan ni kó kọ nǹkan sí ibẹ̀. Èyí dùn mí. Mo ní ilé wo ni èèyàn máa wọ̀ tí kò ní kí onílé? Mo ní kí Evelyn kọ ìkíni kún ibẹ̀, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìnáwó òrùlé, kó má baà dà bíi pé àwa kò ní ẹ̀kọ́.

A wá dé ibi tí wọ́n ti béèrè pé ṣé ẹni tó ń wá yàrá jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Evelyn ní Baba, gbogbo èèyàn ló ń kọ pé rárá, kí a kọ rárá kí a máa lọ, aláìsàn ń dúró de òun. Inú bí mi. Mo ní kí ló pe ọmọ mi? Ràzíátù tí gbogbo ọjà mọ̀, kí n wá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé kò sí ẹ̀dá alààyè kan tó fọkàn tán an?

Ṣé ìwọ náà mọ iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ. Mo ta aṣọ àwìn kiri àwọn abúlé olóko kòkó yìí títí irun mi fi funfun. Bí mo bá dé ibi tuntun tí ẹnì kan ní òun fẹ́ gba aṣọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni pé ta ló ń jẹ ní gbèsè. Bó bá dárúkọ ẹni mẹ́ta, mo mọ̀ pé ẹni mẹ́ta ti dán an wò kí n tó dé, mo gé aṣọ fún un. Bó bá ní òun kò jẹ ẹnì kankan, mo di ẹrù mi padà, nítorí ẹni tí kò sẹ́ni tó dá lójú rí, kí ni àwọn tó mọ̀ ọ́n rí lára rẹ̀? Ọgbọ́n tí mo fi ṣòwò nìyẹn. Má bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ilé alámọ̀ ni mo ṣì ń gbé. Àwọn tó jẹ ẹni mẹ́ta ní gbèsè, èmi ni mo di ẹnì kẹrin lára wọn, mo sì ń retí owó mi lọ́wọ́ wọn títí ọdún tí ìjọba ní kí àwa àlejò kó ẹrù wa lọ sílé. Nígbà tí mo tún padà dé, orúkọ mi gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ gbàgbé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ní kí Evelyn kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kò sí àyè, mo ní kó yí ẹ̀yìn ìwé. Mo kọ ti bàbá alájọ súsú. Mo kọ ti Hàjàrá tó ń ta aṣọ ní Race Course. Mo kọ ti ẹgbẹ́ àsálátù yín. Mo kọ ti Dinah ọ̀gá rẹ, ìyókù owó ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó di mẹ́rin, mo wò ó pé mẹ́rin kò wuyì tó márùn-ún, mo bá rántí bọ́ọ̀lù kẹ́ńkẹ́ mẹ́fà, ẹ̀kọ àwọn ará ibí, tí o jẹ ní àwìn lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé nígbà tí o wà ní kíláàsì kẹta, mo fi kún un. Evelyn gbé bírò sílẹ̀, ó wò mí. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ṣé òun fẹ́ kọ́ mi ní òwò ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

O rántí ọjọ́ tí o ní kí n wá dúró ti tẹlifóònù ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Bekwai. Mo wọ fìlà, mo tètè dé. Nígbà tí ohùn rẹ jáde nínú irin yẹn, mo rò pé kò yẹ kí n jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ kí n tó kí ọ tán, mo kí ọ, mo kí àǹtí rẹ, mo kí ọkọ àǹtí rẹ, mo ń kí àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ nígbà tí ohùn rẹ lọ. Mo bi akọ̀wé ibẹ̀ pé kí ló dé tí ọmọ mi bínú, ó ní owó ìṣẹ́jú ló tán. Mo gbọ́ ọ tí o ń sunkún díẹ̀ láàárín, mo rò pé ayọ̀ ìkíni ni.

Àúdù ló wá là á yé mi lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Ó ní o ní kí òun sọ fún mi pé ojú ewé gbèsè nínú fọ́ọ̀mù náà ni Tíṣà rí tó fi ní kí o dúró ná. Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tí mo rò? Mo rò pé márùn-ún ló kéré jù. Mo ní ará ìlú ńlá ni, tíṣà sì tún ni, àwọn tó ń wá yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀ lè ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Gbogbo òru ni mo fi ń ronú kan àwọn mìíràn tí mo lè fi kún un.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, láìsọ fún ọ, mo wọ aṣọ funfun tí o rà fún mi ní Iléyá, mo gbé àkùkọ kan àti iṣu mẹ́ta, mo bá Àúdù wọ Kumasi. Ìdíkọ̀ Kejetia ló já mi sí. Mo bi ọmọkùnrin kan pé ọkọ̀ Ayigya dà, kò tíì dáhùn tí mo fi kó sínú èyí tó sún mọ́ mi jù, ni mo bá bá ara mi ní Suame Magazine, láàárín àwọn fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ẹ́ńjìnnì lọ́tùn-ún, ẹ́ńjìnnì lósì, ilẹ̀ dúdú fún òróró. Mo ká aṣọ funfun náà dé orúnkún bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá, àkùkọ ń ké, àwọn fítà ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Síbẹ̀ òróró ta sí mi nídìí. Báyẹn ni mo ṣe dé ilé Tíṣà Alfred.

Èèyàn gidi ni o. Ó ní akwaaba, ó kí mi káàbọ̀, ó fún mi lómi, ó pè mí ní Agya bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ni mí. Kò tíì jókòó dáadáa tí mo fi sọ fún un pé n kò wá jà, pé mo kàn wá tún fọ́ọ̀mù ṣe ni, pé mo gbàgbé gbèsè mẹ́ta, kó mú bírò. Ọkùnrin náà ya ẹnu, kò pa á dé. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni ọmọ mi ti jẹ owó kẹ́ńkẹ́ láti bí ogún ọdún tí kò sì san án. Ó ní gbogbo mẹ́rin yòókù kò dẹ́rù ba òun tó ti kẹ́ńkẹ́, pé ẹni tó lè fi ogún ọdún jẹ gbèsè kẹ́ńkẹ́, kí ni kò ní fi owó ilé ṣe.

Ó wá sọ ohun tójú rẹ̀ rí fún mi. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún rédíò ṣe ló gbé yàrá náà kẹ́yìn. Ó jẹ gbèsè kiri. Àwọn tó jẹ lówó á dé ní kùtù hàì, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, àwọn ayálégbé yòókù kò ní lè wẹ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni náà sá lọ, wọ́n yọ ilẹ̀kùn yàrá lọ, ilẹ̀kùn onílé, kì í ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù. Ó ní onígbèsè kì í dá wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo àwọn tó jẹ lówó máa ń tẹ̀ lé wá.

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu mi gbẹ. Ṣé o mọ ìdí rẹ̀? Èmi gan-an ni àwọn tó ń lóṣòó yẹn. Báyẹn ni mo ṣe ń gba owó aṣọ mi nígbà ayé mi, lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè pẹ́ kó tó wẹ̀. Mo tilẹ̀ ti yọ ilẹ̀kùn rí, lọ́nà Obuasi. Mi ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà lè ní onílé. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olówó, n kò jókòó rò ó wò rí bó ṣe ń rí fún ẹni tó ni àgbàlá.

Tíṣà gbé fọ́ọ̀mù jáde, ó ní kí n sọ fún òun ohun tí ọmọ mi fi owó kọ̀ọ̀kan ṣe, nítorí gbèsè òwò yàtọ̀ sí gbèsè fàájì. Mo ní kò sí ìṣòro. Owó súsú ńkọ́? Mo ní èyí ni wọ́n fi là mí níkùn ní ilé ìwòsàn. Owó ẹgbẹ́ àsálátù ńkọ́? Mo ní òun ni wọ́n fi ra páànù nígbà tí ìjì ká òrùlé mi. Aṣọ Hàjàrá ńkọ́? Tíṣà wo aṣọ funfun tó wà lọ́rùn mi láti òkè dé ilẹ̀, títí dé ibi tí òróró fítà wà, ó wo bí mo ṣe rọra jókòó nítorí ojú ọgbẹ́. Mo bá sọ òtítọ́, mo ní òun nìyí. Mo gbé gbèsè méjì wọ ilé onílé, mo wọ ọ̀kan sọ́rùn, ọ̀kan wà nínú ikùn mi, ẹ̀kẹta wà lórí ilé tí mo fi sílẹ̀ wá.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi jábọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dé inú. Ojú tì mí, Ràzíátù. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè mọ̀ pé mo mọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síwájú onílé, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni tìrẹ, o sì ti fẹ́ san án tán. Àwọn yòókù, èmi ni. Kẹ́ńkẹ́ pàápàá, èmi ni mo ní kí o lọ gbà á láwìn, mo ní màá san án bí owó aṣọ bá wọlé. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Lẹ́yìn gbogbo lẹ́tà tí mo kọ sí ọ tí mo ń béèrè owó, n kò béèrè rí níbo lo ti ń rí i.

Nígbà tí Tíṣà rẹ́rìn-ín tán, ó ní òun ti rí i báyìí pé kì í ṣe ẹni tó fẹ́ wọlé ni onígbèsè, ẹni tó jẹ́rìí sí i ni. Ó ní òun yóò fún ọ ní yàrá náà, bí mo bá lè buwọ́ lu ìwé kan. Ó mú ìwé, ó kọ ọ́, ó kà á fún mi ní Twi: pé èmi Jímọ̀h kò ní béèrè owó lọ́wọ́ Ràzíátù títí ọdún méjì owó ilé rẹ̀ yóò fi pé. Ọmọ mi, ìgbà tí mo ń gbé ìyá rẹ níyàwó, n kò ronú tó bẹ́ẹ̀. Mo béèrè bóyá ọdún kan kò ní tó. Mo béèrè bóyá Iléyá wà níbẹ̀. Ó ní Iléyá wà níbẹ̀. Mo bá kọ orúkọ mi síbẹ̀, mo tún ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí o máa mú lẹ́tà mi wá fi han òun. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ní òun mọ bí nọ́ńbà ṣe ń rí, òun kò gbọ́dọ̀ rí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ déètì ọdún sókè lẹ́tà yìí. Tíṣà, bí ẹ bá ń wò ó, mo kí yín, ẹ kú ilé.

Owó ilé ọdún méjì tí o tò jọ sí báńkì, ó ní kí o gbé e wá lọ́jọ́ Ajé. Bí àwọn báńkì bá ní kí o buwọ́ lùwé kí wọ́n tó fún ọ ní owó ara rẹ, má bínú, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gbàgbé ojú rẹ. Mú àkùkọ dání lọ.

A ti dé ibi tí mo máa ń béèrè owó báyìí. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹṣin tó mọ ọ̀nà ilé, mo ti fà á padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kẹrosíìnì ti fẹ́ tán nínú àtùpà, n kò béèrè o, mo kàn ń ròyìn ilé ni. Bàtà mi ti yanu níwájú, ìròyìn náà ni. Ìyá oníkẹ́ńkẹ́ ti kú, mo gbé owó bọ́ọ̀lù mẹ́fà fún Bridget ọmọ rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Ewúrẹ́ dúdú àti ìbejì rẹ̀ ti lọ sí ọjà Bekwai, owó wọn wà lọ́wọ́ Àúdù, kó o gbé e fún Hàjàrá. Mo fẹ́ dá aṣọ náà padà fún un, òróró ni kò jẹ́. Ti súsú àti ti páànù, ẹ̀gẹ́ mi ni màá fi bẹ̀rẹ̀ sí í san án bó bá gbó. Má bá mi san án. Gbèsè mi ni.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ tí o máa fi wọ yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ ire. O kò ní fi omijé gbálẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí yóò kanlẹ̀kùn rẹ, iṣẹ́ ni yóò gbé wá, kò ní wá lóṣòó. Bí o ṣe tọ́jú mi, ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ, ṣùgbọ́n ìwọ yóò máa bi í léèrè ibi tó ti rí owó. Àmín, Àṣẹ.

Ó ku ohun kan. Tíṣà ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà. Mariama kò gbà kí n fi sínú lẹ́tà, ó ní inú páálí ìṣáná òun ni kó wà, pẹ̀lú eyín méjèèjì. Aṣọ rẹ̀ wà nínú àpò tí Àúdù gbé dání. Ilé yóò dákẹ́ fún mi díẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò máa bá mi wá ìgò ojú mi, ìròyìn náà ni. Mo ní kó fara pamọ́ sẹ́yìn Àúdù, kó má mí, títí ìyá rẹ̀ yóò fi ka lẹ́tà yìí tán.

Gbójú sókè, Ràzíátù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jímọ̀h, tí kò béèrè nǹkan kan.